Adágún Omi, Amù Ìlú

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dúró ní ìkóríta Òrè ní ọjọ́ kan péré, ẹ ó rí i pé ìlú tí kì í sùn ni. Ọkọ̀ tí ó ti Èkó bọ̀ tí ó ń lọ sí Bìní yóò dúró níbẹ̀. Èyí tí ó ti Bìní bọ̀ tí ó ń lọ sí Èkó yóò dúró. Èyí tí ó ń ti Oǹdó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa kò ní ṣàìyà. Àwọn èrò yóò sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò na ẹsẹ̀, wọn yóò jẹun, wọn yóò mu omi, wọn yóò sì tún wọ ọkọ̀ wọn lọ. Ìsinmi tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò mọ̀ ní Òrè kò ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ìsinmi mìíràn wà tí ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni pé kí ènìyàn fi ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ sílẹ̀, kí ó lọ sí etí omi tí ó dákẹ́, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá àti iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn. Ara kì í ṣe igi. Bí ó ti ń fẹ́ oúnjẹ ni ó ń fẹ́ ìsinmi. Irú ìsinmi etí omi bẹ́ẹ̀, àti bí ó ṣe yẹ kí a máa ṣe é, ni a ó gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Omi tí àwọn ọmọ Òrè àti Odígbó mọ̀ jù ni omi tí ń ṣàn. Odò Olúwa ń gba inú igbó ńlá agbègbè wa kọjá, ó ń lọ sí ìhà gúúsù níbi tí ọ̀sà àti òkun wà. Odò a máa rìn. Adágún ni ó máa ń dúró. Oríṣi adágún méjì ni ó sì wà. Èkíní ni èyí tí a bá nílẹ̀, tí ènìyàn kò dá sí ìṣẹ̀dá rẹ̀. Èkejì ni èyí tí a fi ọwọ́ dá: a ó wá ibi tí odò gbé ń gba àárín òkè méjì kọjá, a ó mọ odi tí ó lágbára dí i lọ́nà, omi yóò sì máa pọ̀ sí i lẹ́yìn odi náà títí tí yóò fi bo àfonífojì. Odi yìí ni à ń pè ní ìsédò. Irú adágún kejì yìí ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Kí ni a fi ń ṣe? Ẹ rántí amù tí ó wà ní igun ilé àwọn ìyá wa àgbà. Nígbà òjò, amù a máa kún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò bá fà, inú amù ni a ti ń bu omi mu. Ohun tí amù jẹ́ fún ilé ni adágún jẹ́ fún ìlú. Òjò tí ó rọ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án ni a tọ́jú pamọ́ sínú rẹ̀, kí àwọn ènìyàn má baà ṣe aláìní omi ní oṣù kìíní. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìsédò ni omi tí ìlú dà síwájú.

Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn kí ọmọ Òrè tó rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gba ọ̀nà Oǹdó, tí ó sì kọjá Oǹdó sí ìhà Àkúrẹ́, yóò dé Ọ̀wẹ̀nà, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀wẹ̀nà láti máa fa omi lọ sí ìgboro. Bí ó bá sì rin ìrìn-àjò lọ sí Ìbàdàn, méjì tí ó lókìkí ni yóò rí níbẹ̀. Èyí tí ó dàgbà ni Ẹlẹ́yẹlé, tí a sé odò Ọ̀nà láti fi ṣe ní ọdún 1942. Èyí tí ó tóbi jù ú lọ ni Aṣéjìrè, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tí wọ́n parí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Odò Ọ̀ṣun ni a sé láti fi ṣe Aṣéjìrè, èyíinì ni odò kan náà tí ó kọ́kọ́ gba Òṣogbo kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Jẹ́ kí a wo bí omi ṣe ń rìn láti inú adágún títí dé ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ńlá ni yóò kọ́kọ́ fà á sókè. Lẹ́yìn náà ni a ó da álọ́ọ̀mù sí i, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè so pọ̀ kí ó sì rọ̀ sísàlẹ̀. A ó wá jẹ́ kí ó gba inú iyanrìn kọjá, kí iyanrìn náà lè sẹ́ ẹ. Ní ìkẹyìn, a ó fi oògùn tí í pa kòkòrò àìsàn sí i, kí a tó tì í sínú páìpù lọ sí ilé gbogbo ènìyàn. Ẹ ó rí i pé iṣẹ́ yìí kò kéré. Bí omi inú adágún bá sì ti dọ̀tí tó ni iṣẹ́ náà ṣe ń le tó, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, àwọn ènìyàn ti sọ etí adágún di ibi ìgbafẹ́. Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé, tí kò jìnnà sí Òkun Mẹditaréníà, adágún kan wà tí a ń pè ní Sainte-Croix, lórí odò Verdon. Ọwọ́ ènìyàn ni a fi dá a, ó sì kún ní ọdún 1973 sí 1974. Ní àsìkò oòrùn, àwọn ìdílé a máa wá láti ìlú ńláńlá, wọn a pàgọ́, wọn a tukọ̀, wọn a lúwẹ̀ẹ́ ní ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n abúlé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Les Salles ni ó wà ní ibi tí omi náà tẹ́ sí lónìí. Àwọn ará ibẹ̀ ní láti kó kúrò, a sì kọ́ abúlé tuntun fún wọn ní etí adágún.

A kò ní láti lọ sí Faransé kí a tó rí irú rẹ̀. Nígbà tí a sé odò Ọya ní Kainji ní ọdún 1968, omi bo ìlú Bùsà àtijọ́, ó sì bo ibi tí Mungo Park, arìnrìn-àjò ará Skọ́tílándì, ti pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ ní ọdún 1806. Nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni ó ṣí kúrò ní ilé bàbá wọn. Ní ilẹ̀ Gánà, nígbà tí a parí ìsédò Akosombo ní ọdún 1965, adágún Volta gba ilẹ̀ tí ó tó kìlómítà 8,500 níbùú lóròó, àwọn tí ó sì kúrò nílé wọn tó 80,000. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá dúró ní etí adágún, tí ẹwà rẹ̀ ń dùn mọ́ yín nínú, ẹ rántí pé oko ẹnì kan, tàbí ibojì bàbá ẹnì kan, lè wà nísàlẹ̀ omi náà. Ẹnì kan ti san owó ìgbádùn yín sílẹ̀ kí ẹ tó dé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òrè fẹ́ lọ wo ìsédò. Báwo ni ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é? Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé àṣẹ. Olùkọ́ wọn yóò kọ̀wé sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi, yóò sọ iye ọmọ tí ń bọ̀ àti ọjọ́ tí wọn yóò wá, yóò sì dúró de èsì. A kì í ṣàdédé wọ ilé onílé, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣàdédé wọ ibi tí omi ìlú gbé wà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù láti lọ, nígbà tí ọ̀nà gbẹ tí omi kò sì kún àkúnya. Kí olúkúlùkù wọ bàtà tí ó le, kí ó dé fìlà nítorí oòrùn, kí ó gbé omi mímu àti oúnjẹ tirẹ̀ dání, kí ó sì mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ kí àwọn àgbà tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá,” ni a ń sọ fún ẹni tí a bá lẹ́nu iṣẹ́ yóò gbọ́ ọ̀pọ̀ ìtàn tí kò sí nínú ìwé. Òṣìṣẹ́ náà yóò fi ibi tí àṣẹ́kù omi ń gbà ṣàn jáde hàn wọ́n, yóò fi igi tí a sàmì sí hàn wọ́n, èyí tí a fi ń mọ bí omi ti ga tó. Bí ọmọ kan bá béèrè pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè bọ́ sínú rẹ̀ láti wẹ̀?” ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí bàbá náà bá rẹ́rìn-ín, tí ó sì dáhùn pé, “Ọmọ mi, ṣé o máa ń wẹ̀ nínú amù ìyá rẹ?”

Ohun tí a lè ṣe ní etí adágún láìbọ́ sínú rẹ̀ pọ̀ jọjọ. A lè rìn yí apá kan etí rẹ̀ ká, kí a sì máa kọ orúkọ igi tí a bá rí sílẹ̀. A lè jókòó jẹ́ẹ́, kí a máa wo àwọn lékeléke bí wọ́n ti ń fò wá ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, funfun báláú lórí ewé tútù. A lè wo ojúoró àti òṣíbàtà tí ó léfòó, kí a sì bi ara wa léèrè ìdí tí èkíní fi ń rìn kiri lójú omi nígbà tí èkejì dúró sójú kan: gbòǹgbò ojúoró kò kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n òṣíbàtà fi gbòǹgbò di ilẹ̀ abẹ́ omi mú. A lè wo àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wọn, bí ẹnì kan ti ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ tí ẹnì kejì ń da àwọ̀n, kí a sì bi wọ́n léèrè bóyá àrọ̀ ni wọ́n pa tàbí ẹpìyà. A lè ya àwòrán ohun tí a rí. Lẹ́yìn èyí, a ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, a ó jẹun, a ó pa àlọ́. Nígbà tí a bá sì dìde, gbogbo ewé, ọ̀rá àti ike tí a kó wá ni a ó kó padà lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa sí apá tí ó kù yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àwọn ọmọ tí ó mọ odò dáadáa ni adágún máa ń tàn jẹ jù. Ọmọ tí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò abúlé rẹ̀ láti kékeré a máa rò pé kò sí omi tí òun kò mọ̀. Odò a máa sọ bí agbára rẹ̀ ti tó fún ni, nítorí a ń rí i bí ó ti ń sáré. Adágún kì í sọ. Àfonífojì ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ibi tí ènìyàn tẹ̀ tí omi dé orúnkún, ìṣísẹ̀ kan síwájú sí i lè jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí ó kọjá orí àgbàlagbà méjì. Kùkùté àwọn igi tí omi bò ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì lè di aṣọ tàbí ẹsẹ̀ òmùwẹ̀ mú. Ní ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi, àti ní ibi tí àṣẹ́kù omi ti ń tú jáde, omi tí ó dàbí ẹni pé ó sùn lè fa ènìyàn lọ lójijì.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú omi, bí kò ṣe ibi tí àwọn olùtọ́jú bá yà sọ́tọ̀ fún un. Bí a bá fẹ́ wọ ọkọ̀, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó, ọkọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ kún jù. Bí ẹnì kan bá jìn sómi, ẹ má ṣe bẹ́ sínú omi tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tí ó ń rì a máa di ẹni tí ó fẹ́ yọ ọ́ mú, àwọn méjèèjì a sì jọ rì. Ẹ kígbe pe àwọn àgbà. Ẹ na ọ̀pá gígùn sí i láti orí ilẹ̀. Ẹ ju okùn sí i, tàbí kéègì òfìfo tí a dé pa, kí ó lè dì í mú.

Ewu kejì kéré lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ewu kékeré. Ìgbín wẹ́wẹ́ kan wà tí ó fẹ́ràn omi tí kò ṣàn. Inú ìgbín yìí ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà, tí yóò sì jáde sínú omi, tí yóò gba awọ ara wọ inú ẹni tí ó bá wẹ̀ tàbí tí ó fẹsẹ̀ wọ́ omi náà. Bí ó bá pẹ́, ẹni náà yóò máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ní adágún Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a parí ní ọdún 1983, àwọn oníwàádìí ìṣègùn rí i pé àìsàn yìí gbilẹ̀ láàárín àwọn ará abúlé etí omi, pàápàá láàárín àwọn ọmọdé. Oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tijú láti lọ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó bá tọ̀ sínú omi ni ó ń fún kòkòrò náà lẹ́yin sínú omi. Bí a bá dáwọ́ ìwà yìí dúró, a ti gé ìdajì ọ̀nà rẹ̀.

Ewu kẹta ni èyí tí àwa fúnra wa ń dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá kan rọ̀ ní Ìbàdàn. Omi Ẹlẹ́yẹlé kún kọjá ààlà, odò gbé afárá lọ, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú ní ìlú náà lọ́jọ́ yẹn. Òjò ni ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tí a dà sójú odò àti ilé tí a kọ́ sí bèbè rẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ òjò di àjálù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ odò Ọ̀ṣun. Ní Òṣogbo, àwọn ènìyàn ti ń bọ̀wọ̀ fún omi yìí láti ìgbà àwọn baba ńlá wa. Wọn kì í pa ẹja inú rẹ̀ ní ojúbọ. Igbó tí ó yí i ká ti di ohun ìní tí gbogbo ayé mọ̀ rírì rẹ̀ láti ọdún 2005, nígbà tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 2020, odò náà yí àwọ̀ padà, ó pọ́n bí omi ẹrẹ̀, nítorí àwọn tí ń wa wúrà láìgbàṣẹ ní ìhà òkè rẹ̀. Omi tí ó pọ́n ní Òṣogbo kò dúró sí Òṣogbo. Ìsàlẹ̀ ni ó ń ṣàn sí, Aṣéjìrè sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ba omi jẹ́ lókè kò mọ ẹni tí yóò mu ún ní Ìbàdàn, ẹni tí ó mu ún kò sì mọ ẹni tí ó bà á jẹ́.

Àwọn baba wa kò ní ilé iṣẹ́ omi, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin omi. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, èèwọ̀ ni kí ènìyàn gbé ìkòkò tí èédú ti bo ìdí rẹ̀ lọ pọn omi nínú odò. Àwọn kan nínú yín lè máa rò pé ọ̀rọ̀ òrìṣà lásán ni èyí. Ẹ tún un rò. Ẹni tí ó ṣe òfin náà mọ̀ pé ènìyàn mìíràn ń bọ̀ wá pọn omi lẹ́yìn òun. Ìwé tí a kọ mọ́ ara ògiri ilé iṣẹ́ omi lónìí, pé kí a má ṣe wẹ̀, kí a má ṣe da ìdọ̀tí, ohun kan náà ni ó ń sọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Òrè àti Odígbó, ẹ lọ wo adágún nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé àwọn ará òkè òkun nìkan ni ó lè gbádùn ẹwà omi. Ẹ lọ, kí ojú yín rí, kí ọkàn yín balẹ̀, kí ẹ̀kọ́ yín pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ wà níbẹ̀ bí àlejò tí ó wọ ilé ẹlòmíràn tí ó sì bá amù ní igun ilé: a máa wo bí ó ti tutù, a máa yin ẹni tí ó pọn ọ́n, kò sì jẹ́ ti ọwọ́ ìdọ̀tí bọ̀ ọ́.

Ìbéèrè

1. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín odò àti adágún? Dárúkọ oríṣi adágún méjì.
2. Kí ni ìdí tí òǹkọ̀wé fi pe adágún ní amù ìlú?
3. Ṣàlàyé, ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ, bí a ṣe ń sọ omi adágún di omi mímu.
4. Kí ni ohun tí Les Salles àti Bùsà àtijọ́ fi jọ ara wọn?
5. Kí ni ó yẹ kí o ṣe bí ọ̀rẹ́ rẹ bá jìn sínú omi? Kí ni kò yẹ kí o ṣe, kí sì ni ìdí rẹ̀?
6. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ omi kan, kí o fi tọrọ àyè fún ìbẹ̀wò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ.
7. Kọ àròkọ kan lórí èèwọ̀ kan tí ó jẹ mọ́ omi ní ìlú rẹ, kí o sì ṣàlàyé àǹfààní tí ó wà nínú rẹ̀.